A Lè Fún Ni Lórúkọ, A Kì í Fún Ni Ní Àṣírí

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àmì ohùn, orúkọ àti òwe ni ẹ sábà máa ń bá lọ́wọ́ mi. Lónìí, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo gbé wá, ṣùgbọ́n ẹ má tíì yíjú kúrò. Ọ̀rọ̀ náà kan orúkọ, ó kan àṣírí, ó sì kan akẹ́kọ̀ọ́ kan tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ lé kúrò nílé ìwé nítorí àṣìṣe tí èmi fúnra mi ṣe.

Ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, a ní sáfà kan. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, sáfà ni kọ̀ǹpútà tí kì í sùn, tí àwọn kọ̀ǹpútà yòókù máa ń lọ bá láti gba iṣẹ́ tàbí láti fi ẹrù pamọ́. Orí rẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa máa ń kó ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ sí: oríkì, ìtàn, ẹkún ìyàwó, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà ní ìlú àti abúlé wọn. Kí ẹnikẹ́ni tó lè wọlé síbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ní àkáǹtì. Èyí túmọ̀ sí pé ó gbọ́dọ̀ ní orúkọ aṣàmúlò tí sáfà yóò fi mọ̀ ọ́n, kí ó sì ní ọ̀rọ̀ aṣínà tí yóò fi hàn pé òun gan-an ni ó ń jẹ́ orúkọ náà.

Lórí Linux, àkáǹtì kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀ nínú fáìlì kan tí ń jẹ́ /etc/passwd. Àyè méje ni ó wà lórí ìlà náà: orúkọ aṣàmúlò, àyè tí ọ̀rọ̀ aṣínà máa ń wà láyé àtijọ́, nọ́ńbà ẹni náà, nọ́ńbà ẹgbẹ́ tí ó wà, orúkọ rẹ̀ ní kíkún, yàrá tí a fún un láti máa kó ẹrù sí, àti ètò tí yóò máa gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀rọ̀ aṣínà kì í sábà sí níbẹ̀ mọ́. Ó wà nínú fáìlì mìíràn, /etc/shadow, tí ojú gbogbo ènìyàn kò gbọdọ̀ tó. Kódà níbẹ̀, a kì í kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ṣe rí. Ńṣe ni a máa ń lọ̀ ọ́ bí ẹni lọ ata. Ata tí a ti lọ̀ kò tún lè di odidi ata mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún mú ata kan náà wá, tí ẹ lọ̀ ọ́ lórí ọlọ kan náà, sáfà yóò fi èyí wé tàtijọ́, yóò sì mọ̀ pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Bí ó bá jẹ́ ènìyàn márùn-ún ni ó fẹ́ àkáǹtì, ọwọ́ lásán tó láti fi ṣe é. A ó tẹ àṣẹ useradd, a ó kọ orúkọ. A ó tẹ àṣẹ passwd, a ó kọ ọ̀rọ̀ aṣínà. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí mo ń wí yìí, akẹ́kọ̀ọ́ 120 ni ó wà níwájú mi. Nítorí náà, mo ṣe ohun tí àwọn tí ń tọ́jú sáfà máa ń ṣe. Mo kọ àkọsílẹ̀ àṣẹ kan tí yóò ka orúkọ wọn láti inú ìwé orúkọ kíláàsì, tí yóò fi useradd dá àkáǹtì sílẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí yóò sì fi chpasswd fún un ní ọ̀rọ̀ aṣínà. Mo tẹ bọ́tìnnì kan ṣoṣo. Kí n tó mu omi ife kan tán, iṣẹ́ tí ì bá gbà mí ní ọjọ́ méjì ti parí. Inú mi dùn púpọ̀.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọmọ tí ó bá ní ọgbọ́n, bí iṣẹ́ tí a rán an bá fẹ́ dójú tì wá, yóò dúró, yóò bi wá pé, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ẹ wí i, Bàbá?" Kọ̀ǹpútà kò mọ ìyẹn. Bí a bá rán an ní iṣẹ́ ẹrú, bí ẹrú ni yóò jẹ́ ẹ, yóò sì jẹ́ ẹ ní ìgbà 120 láì rẹ̀ ẹ́, láì bojú wẹ̀yìn.

Orúkọ ni ó kọ́kọ́ dà rú. Láyé àtijọ́, orúkọ aṣàmúlò lórí Unix kì í ju lẹ́tà mẹ́jọ lọ. Linux ti gba tó 32 láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n lẹ́tà mẹ́jọ ni wọ́n fi kọ́ mi, mẹ́jọ náà ni mo sì pa láṣẹ. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ìyẹn ṣe fún orúkọ Yorùbá. Mú Olúwadámiláre, Olúwadámilọ́lá àti Olúwadámisí. Bí a bá bọ́ àmì kúrò lára wọn, tí a sì gé wọn sí lẹ́tà mẹ́jọ, oluwadam ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àkọ́kọ́ gba àkáǹtì. Nígbà tí ó kan èkejì, useradd kọ̀ jálẹ̀, ó ní orúkọ náà ti wà. Ṣùgbọ́n n kò sọ fún àkọsílẹ̀ àṣẹ mi pé kí ó dúró bí àṣẹ kan bá kùnà, nítorí náà ó kọjá sí chpasswd, ó sì fi ọ̀rọ̀ aṣínà ẹnì kejì rọ́pò ti ẹni àkọ́kọ́. Ohun kan náà ló ṣe fún ẹnì kẹta. Báyìí ni akẹ́kọ̀ọ́ kẹta ṣe gba kọ́kọ́rọ́ yàrá àkọ́kọ́, tí àwọn méjì sì dúró síta.

Àwọn kan tún wà tí ìyà wọn ju ìyẹn lọ. Orúkọ aṣàmúlò kò fẹ́ ju lẹ́tà kéékèèké láti a dé z, nọ́ńbà àti àmì díẹ̀. Èmi sì ti pàṣẹ pé kí a yọ gbogbo lẹ́tà tí kò bá sí nínú ìyẹn dànù. N kò sọ pé kí a fi s rọ́pò ṣ, kí a fi e rọ́pò ẹ. Àbájáde rẹ̀ ni pé Ṣẹ́gun di gun. Ọ̀ṣọ́ kò di ohunkóhun rárá, nítorí kò sí lẹ́tà kan lára orúkọ náà tí kò ní àmì. Odidi ènìyàn, ọmọ tí wọ́n ṣe ìsọmọlórúkọ fún, kò sí lójú sáfà. Èmi tí mo ń kọ́ ènìyàn ní ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, tí mo ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jà lórí àmì ohùn, èmi ni mo kọ àṣẹ yẹn.

Ọ̀rọ̀ orúkọ tètè hàn. Àwọn tí ó kàn wá sí ọ́fíìsì mi lọ́jọ́ kejì, a rẹ́rìn-ín sí i, mo sì tún un ṣe. Mo rò pé ó tán. N kò mọ̀ pé èyí tí kò hàn ni ó burú jù.

Ọ̀rọ̀ aṣínà tí mo fún wọn ní ìlànà: orúkọ ìdílé akẹ́kọ̀ọ́ ní lẹ́tà kékeré, tí a fi nọ́ńbà mẹ́rin tí ó kẹ́yìn nínú nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ sí lẹ́yìn. Mo yàn án bẹ́ẹ̀ kí wọ́n má baà gbàgbé. Mo sì sọ fún wọn nínú kíláàsì pé kí wọ́n yí i padà. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga mọ̀ pé nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ kì í ṣe ohun ìkọ̀kọ̀. Òun ni a ń kọ sí ìwé ìdánwò, òun ni a ń kọ sí ìwé wíwá sí kíláàsì tí gbogbo ènìyàn ń fọwọ́ sí. Ẹnikẹ́ni nínú àwọn 120 náà lè fi ìṣirò ìṣẹ́jú kan mọ ọ̀rọ̀ aṣínà ẹnikẹ́ni mìíràn.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n fi àpilẹ̀kọ wọn sílẹ̀, ni a jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí a bá àpò fáìlì ẹgbẹ́ kan lófìfo. Ohùn àwọn àgbà tí wọ́n fi oṣù mẹ́ta gbà jọ ti lọ. Mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ ìwọlé sáfà, mo rí i pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin kíláàsì ni ó wọlé ní òru, tí ó sì pa wọ́n rẹ́. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé òun àti ọ̀kan nínú ọmọ ẹgbẹ́ náà kò sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí dìde. Èmi ni wọ́n pè gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí.

Mo gbé ìwé àkọsílẹ̀ náà kalẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìgbìmọ̀ ní, "Kọ̀ǹpútà kì í purọ́." Ọmọ náà ń sunkún, ó ní òun kò dé orí sáfà náà láti ọjọ́ kìíní tí a ti fi hàn wọ́n. Wọ́n bi í léèrè pé ta ni ó wá lo orúkọ rẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹ̀yin fún mi náà ló ṣì wà níbẹ̀. Ṣé èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n ni?"

Mi ò lè tètè dáhùn. Nígbà tí mo dáhùn, òtítọ́ ni mo sọ. Mo sọ fún ìgbìmọ̀ pé ìwé tí mo gbé wá kò jẹ́rìí sí ohun tí a rò. Òótọ́ ni pé kọ̀ǹpútà kò purọ́: ó ní ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ aṣínà ọmọ yìí ni ó wọlé. Àwa ni a fi kún un pé ọmọ yìí nìkan ni ó mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo sì fi ọwọ́ ara mi ṣe é tí ìyẹn kò fi lè jẹ́ òótọ́. Wọ́n dá ọmọ náà sílẹ̀. A kò mọ ẹni tí ó ṣe é títí dòní. Nínú àwọn ohùn tí ó sọnù, ìdajì péré ni a rí gbà padà, nítorí ọ̀kan nínú wọn ti kó wọn sórí fóònù rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ronú sí ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí. Ní ilẹ̀ Yorùbá, orúkọ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fún ara rẹ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, bàbá yóò sọ tirẹ̀, ìyá yóò sọ tirẹ̀, ìyá àgbà àti bàbá àgbà yóò sọ tiwọn, àwọn àlejò pàápàá yóò fi owó sínú abọ́ omi, wọn yóò sì dárúkọ. Bí àwọn tí ó mọ orúkọ náà bá ṣe pọ̀ tó ni ó ṣe ń ṣe ọmọ náà láǹfààní tó, nítorí pé ká lè pè é ni a ṣe sọ ọ́. Àṣírí yàtọ̀ sí èyí pátápátá. Bí ẹnì kan bá fún mi ní àṣírí, àṣírí àwa méjì ni. Bí ó bá fi ìlànà kan fún gbogbo kíláàsì, àṣírí gbogbo kíláàsì ni, kò sì ṣe é pè ní àṣírí mọ́. Ohun tí mo ṣe ni pé mo mú orúkọ, mo sọ ọ́ di àṣírí. Mo mú ohun tí gbogbo ayé mọ̀, mo ní kí ó máa ṣọ́ ohun tí ẹnì kan ṣoṣo ni.

Nítorí náà, èrò mi ni èyí: ẹ̀rọ lè bá wa sọ ènìyàn lórúkọ. Kò lè bá ènìyàn ní àṣírí. Ibi tí iṣẹ́ ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ parí sí ni ẹnu ọ̀nà. Ohun tí ó fi lé ẹni náà lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ kọ́kọ́rọ́ ìgbà kan, tí yóò kú ní ọjọ́ tí a bá kọ́kọ́ lò ó. Níwọ̀n ìgbà tí olùtọ́jú sáfà bá ṣì lè fi ìṣirò mọ ọ̀rọ̀ aṣínà ẹnì kan, kò sí ẹ̀tọ́ fún un láti fi ìwé àkọsílẹ̀ ìwọlé dá ẹni náà lẹ́jọ́.

Ẹ má rò pé èmi nìkan ni mo ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ọ̀rọ̀ aṣínà orí kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ ní MIT ní Amẹ́ríkà, lórí ètò CTSS tí Fernando Corbató àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ fi hàn ní ọdún 1961. Ní ọdún 1966, fáìlì méjì ṣèèṣì gba ipò ara wọn lórí rẹ̀: èyí tí ó ń kí àwọn ènìyàn bí wọ́n bá wọlé, àti èyí tí ọ̀rọ̀ aṣínà wà nínú rẹ̀. Gbogbo ẹni tí ó wọlé lọ́jọ́ náà ni a fi ọ̀rọ̀ aṣínà gbogbo ènìyàn kí káàbọ̀. Láti ara irú nǹkan báyìí ni a ti kọ́ pé kí a máa lọ ọ̀rọ̀ aṣínà kí a tó fi pamọ́.

Ní ọdún 1979, Robert Morris àti Ken Thompson tẹ ìwádìí wọn lórí ọ̀rọ̀ aṣínà Unix jáde. Nínú 3,289 tí wọ́n kó jọ, 2,831 ni ó rọrùn láti mọ̀, nítorí pé wọ́n kúrú jù tàbí pé wọ́n wà nínú ìwé atúmọ̀ èdè àti ìwé orúkọ. Èyí jẹ́ 86 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹnì kan lè sọ pé ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹ̀rọ máa bá wa yàn án. Ìwádìí kan náà dáhùn ìyẹn. Wọ́n ròyìn ibì kan tí kọ̀ǹpútà ti ń yan ọ̀rọ̀ aṣínà onílẹ́tà mẹ́jọ fún àwọn ènìyàn. Lójú, kò sí ẹni tí ó lè mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ibi tí ètò náà ti lè bẹ̀rẹ̀ ìṣirò rẹ̀ kò ju 32,768 lọ. Ẹni tí ó bá mọ ètò náà lè dán gbogbo wọn wò ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ògiri tí ẹ̀rọ mọ náà lè lanu, bí ìlànà tí a fún ẹ̀rọ bá ti lanu.

Ní ọdún 2016, ètò burúkú kan tí ń jẹ́ Mirai gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ kámẹ́rà àti ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri ayé. Kò lo ọgbọ́n kan tí ó jinlẹ̀. Nǹkan bí 60 orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà tí àwọn ilé iṣẹ́ fi sára ẹ̀rọ wọn láti ilé ni ó ń dán wò. Ẹni tí ó ra ẹ̀rọ kò yí i padà, gẹ́gẹ́ bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kò ṣe yí i padà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá ṣe òfin tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 2024, pé a kò gbọdọ̀ fi irú ọ̀rọ̀ aṣínà kan náà sára gbogbo ẹ̀rọ tí a ń tà fún ará ìlú. Ní Nàìjíríà tiwa, Òfin Ààbò Dátà ti ọdún 2023 di ẹrù ààbò ru ẹni tí ó bá ń kó ìsọfúnni àwọn ènìyàn jọ. Mo fẹ́ràn ibi tí àwọn òfin wọ̀nyí dojú kọ. Wọn kò sọ pé kí ará ìlú máa ṣọ́ra nìkan. Ẹni tí ó ṣe ìlànà ni wọ́n kọjú sí. Bí mo bá ní mo ti sọ fún wọn nínú kíláàsì pé kí wọ́n yí i padà, mo kàn fẹ́ gbé ẹ̀bi mi ru ọmọ ọlọ́mọ ni.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan sọ fún mi pé kí n padà sí fífi ọwọ́ ṣe é. N kò gbà. Ẹ fún mi ní 120 ènìyàn kí n fi orí ara mi yan ọ̀rọ̀ aṣínà fún wọn, nígbà tí yóò bá fi di ìkẹwàá, ó ti sú mi, ọ̀rọ̀ kan náà ni n óò máa fún àwọn tí ó kù. Ẹ̀rọ kì í ní ìsúni, ìyẹn sì ni a fi nílò rẹ̀. Àwọn mìíràn ní bí ọ̀rọ̀ aṣínà bá ṣòro, àwọn ọmọ yóò gbàgbé, ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì mi yóò sì kún. Òótọ́ ni. Ní ìgbà tí mo yí i padà, àwọn tí ó gbàgbé wá. Ìṣẹ́jú méjì ni mo fi ń tún ti ẹnì kan ṣe. Ìgbìmọ̀ olùwádìí tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan gba ọjọ́ mẹ́ta, ó sì gba omi lójú ọmọ tí kò ṣẹ̀.

Ohun mẹ́rin ni mo wá ń ṣe báyìí. Èkíní, orúkọ aṣàmúlò kì í jáde láti ara orúkọ ènìyàn mọ́. Lẹ́tà méjì fún ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àti nọ́ńbà ni mo ń lò, kí ẹnikẹ́ni má baà forí gbárí. Orúkọ gidi wà ní àyè karùn-ún lórí ìlà, níbi tí àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà kò ti dí ohunkóhun lọ́wọ́. Òjó ń jẹ́ Òjó níbẹ̀. Kì í ṣe òjò tí ń rọ̀, kì í ṣe ojo tí ń sá lógun, kì í sì í ṣe ọjọ́ tí a ń kà. Èkejì, ọ̀rọ̀ aṣínà ìgbà kìíní jẹ́ èyí tí ètò ṣà jọ láìtẹ̀lé ohunkóhun tí ó jẹ mọ́ ẹni náà, ti ẹnì kan kò sì jọ ti ẹlòmíràn. Ẹ̀kẹta, mo ń lo àṣẹ chage -d 0 fún àkáǹtì kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ní kété tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ́kọ́ wọlé, sáfà yóò ní kí ó yan ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí ó ṣe nǹkan kan títí yóò fi yàn án. Ẹ̀kẹrin, ìwé pélébé ni mo ń tẹ̀ ẹ́ sí, tí mo ń fi lé olúwarẹ̀ lọ́wọ́, mo sì ń pa fáìlì tí wọ́n wà nínú rẹ̀ rẹ́. Bí àṣẹ kan bá kùnà, iṣẹ́ gbogbo dúró, ó sì sọ fún mi. Mo ti kọ́ ẹrú náà kí ó máa béèrè.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ èdè yóò fẹ́ bi mí pé, ǹjẹ́ a lè fi lẹ́tà Yorùbá tó pé kọ ọ̀rọ̀ aṣínà? Ó yẹ kí a lè ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ mọ ibi tí ewu wà. Ẹ wo ẹ́, lẹ́tà tí ó wà nínú Fẹ́mi. Lójú wa, ohun kan ni. Nínú Unicode, ó kéré tán, ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà kọ ọ́: ẹ tí a fi àmì òkè lé lórí, é tí a fi àmì sí lábẹ́, tàbí e lásán tí a fi àmì méjèèjì kún. Nínú UTF-8, ọ̀nà kejì jẹ́ báìtì mẹ́rin, àwọn méjì yòókù jẹ́ báìtì márùn-ún, wọn kò sì jọra. Ojú kò lè dá wọn mọ̀, ṣùgbọ́n bí a bá lọ̀ wọ́n, ata mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tí ó yan ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ lórí fóònù lè dé orí kọ̀ǹpútà ilé ìwé kí ó tẹ ohun kan náà, kí sáfà sì lé e padà. Ìlànà tí ó yanjú èyí ti wà: RFC 8265 ti ọdún 2017 ní kí a kọ́kọ́ sọ gbogbo wọn di ẹyọ kan kí a tó lọ̀ wọ́n. Títí tí ẹ óò fi mọ̀ dájú pé sáfà yín ń tẹ̀lé e, ẹ fi lẹ́tà tí kò ní àmì kọ ọ̀rọ̀ aṣínà yín, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gùn. Ọ̀rọ̀ Yorùbá mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ẹ ṣà láìtò, tí kò bá ara wọn tan, dára púpọ̀. Ẹ má fi òwe ṣe é. Òwe ni ohun tí ẹnì kan ń bẹ̀rẹ̀, tí ẹlòmíràn sì ń parí rẹ̀.

Ọmọbìnrin tí mo sọ ìtàn rẹ̀ ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde. Ní ọjọ́ tí ó wá dágbére fún mi, mo tún tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, pé ó ti tán. Mo pa àkáǹtì rẹ̀ tì lójú rẹ̀ kí ó tó jáde, kí ẹnikẹ́ni má baà tún fi orúkọ rẹ̀ wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú sáfà ní ilé-ẹ̀kọ́ yín, tàbí tí ẹ óò tọ́jú ọ̀kan lọ́la, kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì yẹn, ẹ kọ́kọ́ ka ìlànà yín bí ẹni pé orúkọ ọmọ tiyín ni ó wà ní ìlà kìíní.